Ilẹ̀ Ni Owó Náà Ń Tẹ̀lé: Àgbéyẹ̀wò Owó Ìrànwọ́ Ìjọba fún Àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 2020, owó tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà san ní tààrà fún àwọn àgbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 45 dọ́là. Bí a bá kó gbogbo èrè tí oko mú wọlé ní orílẹ̀-èdè náà lọ́dún yẹn jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ pé àpò ìjọba ló ti wá. Àrùn Kòrónà àti ìjà owó-orí ọjà láàárín Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ló gbé e ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1933 títí di òní, kò sí ọdún tí irú owó yìí kò jáde. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní òun ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n. Àwọn tó ta kò ó ní owó mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń bù fún ọlọ́rọ̀. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń fò dá, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù: kí ni owó náà ń tẹ̀lé? Ṣé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko ni, àbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilẹ̀?

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ àsọfò, ẹ jẹ́ ká gba káúńtì Poinsett lọ, ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Arkansas. Káúńtì ni ìpele ìjọba tó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, àfi òkè gbọọrọ kan, Crowley's Ridge, tó là á kọjá. Harrisburg ni olú-ìlú rẹ̀. Ìrẹsì, ẹ̀wà sóyà, àgbàdo àti òwú ni wọ́n ń gbìn. Arkansas nìkan ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì gbogbo ìrẹsì Amẹ́ríkà, Poinsett sì wà lára àwọn káúńtì tó ń gbìn ín jù. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tyronza. Ibẹ̀ ni ìyà tó wà nínú ètò yìí ti kọ́kọ́ hàn sí gbogbo ayé.

Nígbà tí Franklin Roosevelt di ààrẹ ní 1933, owó òwú ti já wálẹ̀ débi pé kò tó ohun tí wọ́n ná lé e lórí mọ́. Henry Wallace, mínísítà ètò ọ̀gbìn rẹ̀, gbà pé ọjà ló pọ̀ jù, pé bí wọ́n bá dín in kù, owó rẹ̀ á gòkè. Wọ́n ṣe òfin ní oṣù karùn-ún. Òwú ti ń dàgbà lóko nígbà náà, nítorí náà wọ́n ní kí àwọn onílẹ̀ tú u dànù kí wọ́n sì wá gbowó. Òwú tí wọ́n tú mọ́lẹ̀ tó mílíọ̀nù 10 éékà. Ẹlẹ́dẹ̀ bíi mílíọ̀nù 6 ni wọ́n pa pẹ̀lú, lọ́dún tí ebi ń pa ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà.

Ta ló wá ń gbin òwú náà? Ní agbègbè Delta ní Arkansas, níbi tí Poinsett wà, kì í ṣe onílẹ̀. Àwọn aláìnílẹ̀ ni, dúdú àti funfun, tí wọ́n ń dáko tìyàwó-tọmọ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀ ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ, aṣọ àti irúgbìn láwìn, bí ìkórè bá sì dé, wọ́n á pín in pẹ̀lú onílẹ̀. Àwọn baba wa mọ ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé iṣu àti epo lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún ṣì lè pe oko ní tirẹ̀. Ẹni tó ń dáko ìpín ní Arkansas kì í sábà rí nǹkan kan mú lọ sílé nígbà tí wọ́n bá ṣírò àwìn tán, àfi gbèsè ọdún tó ń bọ̀. Òfin sọ pé kí onílẹ̀ fún wọn ní ìpín tiwọn nínú owó ìjọba. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, orúkọ onílẹ̀ ló wà lórí sọ̀wédowó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń dé ọwọ́ ẹni tó gbin òwú. Èyí tó tún burú ni pé bí oko òwú ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tí onílẹ̀ nílò ń dín kù. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn jáde nínú ilé.

Ní oṣù keje 1934, àwọn ọkùnrin 18 kóra jọ nítòsí Tyronza, funfun 11 àti dúdú 7, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Southern Tenant Farmers' Union. H. L. Mitchell àti Clay East, oníṣòwò kéékèèké méjì nínú ìlú náà, wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀. Ní Arkansas ìgbà yẹn, kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tó ohun tí wọ́n fi lè pa èèyàn. Wọ́n na àwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n yìnbọn sí ilé wọn, síbẹ̀ wọ́n gbé ẹjọ́ wọn dé Washington. Àwọn agbẹjọ́rò kan nínú iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn gbè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ní kò tọ́ kí onílẹ̀ gbowó ìjọba tán kó tún lé ẹni tó ń ro oko náà. Ní oṣù kejì 1935, àwọn agbẹjọ́rò yẹn ni wọ́n lé kúrò níṣẹ́. Èyí ló fi hàn mí pé kì í ṣe pé àwọn aṣòfin kò mọ ibi tí owó náà ń lọ. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì yàn án bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn onílẹ̀ ìhà gúúsù ló ń gbé wọn wọlé ìbò. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé òfin 1933 ní ọdún 1936, àmọ́ òmíràn ti dé ní 1938. Títí di òní, òfin 1938 yẹn àti ti 1949 ṣì wà nínú ìwé. Bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, bá kọ̀ láti ṣe òfin oko tuntun, àwọn ló máa padà dìde.

Ẹ jẹ́ ká wá sí bí wọ́n ṣe ń san owó náà lóde òní. Mo bẹ òǹkàwé kó fara balẹ̀ níhìn-ín, torí inú ìṣirò yìí gan-an ni àléébù náà sá pamọ́ sí. Oko kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ètò ní nọ́ńbà ní ọ́fíìsì Farm Service Agency, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tó wà ní káúńtì. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n so éékà ìpìlẹ̀ mọ́, ìyẹn iye éékà tó wà nínú àkọsílẹ̀ pé wọ́n fi gbin irè kan lórí ilẹ̀ náà láwọn ọdún kan sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ yìí ti lé ní ogún ọdún. Òfin wá dá iye owó kan lé irè kọ̀ọ̀kan. Ti ìrẹsì jẹ́ dọ́là 14 fún ìwọ̀n 100 pọ́ùn láti 2014 títí di 2025. Ká ní owó ọjà já sí dọ́là 12, ìjọba á san dọ́là 2 tó kù. Ká ní ẹnì kan ní éékà ìpìlẹ̀ 100, tí ìkórè rẹ̀ nínú ìwé sì jẹ́ 60 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lórí éékà kan. Éékà 85 nínú 100 ni wọ́n máa ń san owó lé. Ẹ fi 60 sọ 85 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀: 10,200 dọ́là ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Kò sí ibi tí wọ́n ti bi í bóyá ó gbin ìrẹsì lọ́dún náà. Ó lè jẹ́ ẹ̀wà sóyà ló gbìn. Ó lè jẹ́ pé kò gbin nǹkan kan rárá. Ìdí wà fún èyí o: bí owó bá so mọ́ ohun tí àgbẹ̀ gbìn, á máa gbìn ín torí ìjọba, ọjà á sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Àwọn òfin Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni pé owó náà ti fi oko sílẹ̀, ó lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ètò kejì wà tó ń wo ìpawówọlé káúńtì lápapọ̀. Bí ó bá já sábẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń retí, wọ́n á sanwó. Èyí túmọ̀ sí pé àgbẹ̀ tí omi gbé oko rẹ̀ lọ lè má rí kọ́bọ̀ bí káúńtì bá ṣe dáadáa, ẹni tí tirẹ̀ sì yọrí lè gbowó nítorí òfò aládùúgbò. Oko méjì tí títì kan là láàárín, ọ̀kan ní Poinsett, èkejì ní Craighead, káúńtì tó múlé tì í, lè gba iye tó jìnnà síra. Ní 2019, nígbà tí wọ́n ń san owó gbà-máà-bínú torí ìjà ọjà pẹ̀lú Ṣáínà, káúńtì kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, láti dọ́là 15 sí 150 lórí éékà kan. Ní oṣù keje 2025, òfin tuntun gbé owó ìrẹsì láti dọ́là 14 lọ sí 16.90, ó sì fàyè gba éékà ìpìlẹ̀ tuntun tó lè tó mílíọ̀nù 30 jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Òfin náà dá òté lé iye tí ẹnì kan lè gbà lọ́dún: ó jẹ́ 125,000 dọ́là tẹ́lẹ̀, 2025 gbé e dé 155,000. Òté yìí jò. Bí oko kan bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájọṣe, alájọṣe kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní 2018, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún fẹ ìtumọ̀ ẹbí lójú débi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, ọmọ àbúrò ẹni àti ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ẹni lè wọ inú rẹ̀. Ìwé ìròyìn Washington Post gbé e jáde ní 2006 pé láti ọdún 2000, ó kéré tán bílíọ̀nù 1.3 dọ́là ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò dáko rárá, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ onílé lásán tí ilé wọn wà lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ oko ìrẹsì nígbà kan. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn aṣàyẹ̀wò ìṣirò Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì rí i pé láàárín 1999 sí 2005, bílíọ̀nù 1.1 dọ́là ti jáde ní orúkọ àwọn tó ti kú. Environmental Working Group, tó ń ṣe àkójọ owó yìí láti káúńtì dé káúńtì, rí i pé láti 1995 nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún owó irè oko ló ń bọ́ sọ́wọ́ ìdá 10 tó ń gbà jù.

Síbẹ̀, àwọn òkú àti àwọn onílé yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Àṣìṣe ni wọ́n, a sì lè tún àṣìṣe ṣe. Ohun tí ètò náà ń ṣe nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí ló yẹ kó kan wá. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ oko Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé àwọn tó ń ro ó yá a ni, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ wọn kì í sì í ṣe àgbẹ̀. Lójú òfin, bí onílẹ̀ bá ń gba owó ìyálò ilẹ̀, ẹni tó ń dáko ni owó ìjọba tọ́ sí. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ mọ̀ pé éékà ìpìlẹ̀ wà lórí ilẹ̀ òun, nítorí náà á fi owó kún owó ilẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Barrett Kirwan ṣe ìwádìí tó jáde ní 2009, ó sì rí i pé nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi sẹ́ńtì 25 ń gba ọ̀nà owó ilẹ̀ dé ọwọ́ onílẹ̀. Owó ilẹ̀ títà náà ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oko ní Poinsett lónìí yóò kọ́kọ́ ra ìrànwọ́ tí ìjọba ṣe fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kó tó gbin èso kan.

Àwọn tó jìyà èyí jù ni àgbẹ̀ dúdú. Ní 1920, àwọn àgbẹ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà lé ní 925,000. Nígbà tí wọ́n ka oko ní 2017, oko tí àwọn dúdú ń darí kò ju nǹkan bí 35,000 lọ. Ohun púpọ̀ ló fà á, ìwà ipá àti kíkó lọ sí ìlú ńlá wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì káúńtì kó ipa tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ adúgbò fi ìbò yàn ló ń bójú tó ètò náà, ní ìhà gúúsù sì rèé, títí di àárín ọdún 1960 sí 1969, ó ṣòro láti rí dúdú kan nínú wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ yìí ló ń sọ iye éékà òwú tí àgbẹ̀ kan lè gbìn. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kan náà ló ń yáni lówó: bí àgbẹ̀ dúdú bá béèrè, wọ́n lè jẹ́ kí ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀ títí àkókò ìgbìn á fi kọjá.

Timothy Pigford, tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ní North Carolina, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ ní 1997 pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1999 ni adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn. Àwọn tó lé ní 15,000 gba 50,000 dọ́là kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni wọ́n lé padà pé wọ́n pẹ́. Títí di 2010 ni wọ́n fi dúró kí Ààrẹ Obama tó fọwọ́ sí òfin bílíọ̀nù 1.25 dọ́là míì. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún ya bílíọ̀nù 4 sọ́tọ̀ ní 2021 láti san gbèsè àwọn àgbẹ̀ tí kì í ṣe funfun, àwọn àgbẹ̀ funfun pẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá a dúró. Ní oṣù keje 2024 ni ìjọba tó pín nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là fún àwọn tó lé ní 43,000 tí wọ́n ti rẹ́ jẹ, láìwo àwọ̀ wọn. Owó tó pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti lọ kò padà.

Ọ̀ràn kan wà nínú èyí tí Yorùbá yóò tètè lóye ju ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà lọ, ìyẹn ilẹ̀ ẹbí. Ọ̀pọ̀ dúdú tó ra ilẹ̀ lẹ́yìn òpin oko ẹrú kú láì kọ ìwé ìhágún, nítorí wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ilé ẹjọ́ àwọn funfun. Ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ, lẹ́yìn náà ti gbogbo ọmọ-ọmọ. Lójú òfin Amẹ́ríkà, àléébù ni èyí. Ẹni tó bá ra ìpín ọmọ kan ṣoṣo tó wà nílùú òkèèrè lè lọ sílé ẹjọ́ kó sì mú kí wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹni tó sì ń ro ilẹ̀ ẹbí kò rí ìwé kankan tó ní orúkọ tirẹ̀ nìkan láti gbé lọ sí ọ́fíìsì káúńtì, nítorí náà kò rí nọ́ńbà oko gbà. Aláìnínọ́ńbà kò ní éékà ìpìlẹ̀, kò lè gba owó òfò, kò sì lè dìbò fún ìgbìmọ̀. Ní 2018 ni òfin tó gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀rí mìíràn gba nọ́ńbà. Ọdún 85 ni èyí lẹ́yìn tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ka àgbẹ̀ Poinsett sí ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ ìkórè kan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Owó báńkì ni wọ́n fi ń gbin oko nígbà ìrúwé, wọ́n á sì dá a padà lẹ́yìn ìkórè, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Àwọn kọ́ ló ń dá iye tí wọn yóò ta ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí Washington pinnu láti bá Ṣáínà jà. Bí oko ńlá mẹ́ta bá wọ gbèsè ní káúńtì kékeré, báńkì àti ẹni tó ń ta ajílẹ̀ á tẹ̀lé wọn. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìbánigbófò irè oko ju éékà ìpìlẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó gbìn ló ń rà á. Ìjọba ń san nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kò ní òté: bí oko bá ṣe tóbi tó ni ìjọba ṣe ń san tó, òfin kò sì jẹ́ kí aráàlú mọ orúkọ àwọn tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. New Zealand fòpin sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ìrànwọ́ oko láti 1984. Owó ilẹ̀ já, àwọn kan fi oko sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ kò parun níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí Amẹ́ríkà: ìrẹsì Arkansas ń jáde lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ní 1995, Amẹ́ríkà fúngun mọ́ Hàítì títí ó fi sọ owó-orí ìrẹsì tó ń wọlé kalẹ̀ sí ìdá 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ìrẹsì Amẹ́ríkà tí ìjọba ti fowó rọ̀ lóko bo ọjà, àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì Hàítì kò sì lè ta tiwọn mọ́. Bill Clinton, ọmọ Arkansas, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, jẹ́wọ́ níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ ní oṣù kẹta 2010 pé ó lè ti ṣe àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ òun láǹfààní, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni.

Ti òwú kan wa ní tààrà. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, òwú ni olórí ohun tí wọ́n ń tà sókè òkun. Ó pọ̀ jù ní àríwá níbẹ̀, ní Banikoara, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè Collines náà, níbi tí àwọn Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdààṣà, tí èdè wọn jẹ́ Yorùbá, ń gbé. Ní 2003, Benin, Mali, Burkina Faso àti Chad pawọ́ pọ̀ lọ sí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé pé owó tí Amẹ́ríkà ń san fún àgbẹ̀ òwú rẹ̀ ń fa owó òwú lulẹ̀ káàkiri ayé. Ìpàdé tó wáyé ní Cancún ní oṣù kẹsàn-án fọ́, ọ̀rọ̀ òwú sì wà lára ohun tó fọ́ ọ. Bùràsíl ti pẹjọ́ tirẹ̀ ní 2002, Benin àti Chad sì dúró tì í. Bùràsíl jàre. Nígbà tí wọ́n gbà á láyè láti gbẹ̀san lórí ọjà Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà gbà láti máa san mílíọ̀nù 147.3 dọ́là lọ́dún fún àwọn àgbẹ̀ òwú Bùràsíl, ó sì fi mílíọ̀nù 300 parí ọ̀rọ̀ ní 2014. Ní 2018, owó òwú padà sínú òfin Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ tuntun. Benin, tí kò lágbára láti halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, kò gba irú owó yẹn. Ẹjọ́ kan náà ni, ọjà kan náà ni, agbára ló yàtọ̀.

Ìdájọ́ mi ni pé kí ìjọba ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ kò burú, ṣùgbọ́n owó tó ń tẹ̀lé ilẹ̀ kò ní ran ẹni tí kò nílẹ̀ lọ́wọ́ láéláé, ó sì máa ń mú kí ilẹ̀ jìnnà sí i. Kí Amẹ́ríkà tú éékà ìpìlẹ̀ ká, kí ó fi ìrànwọ́ sórí òfò ẹni tó gbìn gan-an, kí ó fi òté kan ṣoṣo dé agboolé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbánigbófò, kí ó sì gbé orúkọ síta. Ẹ̀yin òǹkàwé ilé náà, bí ìjọba ìpínlẹ̀ yín bá tún kéde ajílẹ̀ tàbí owó fún àgbẹ̀, tí wọ́n sì ní kí wọ́n mú ìwé ilẹ̀ wá, ẹ béèrè kí ẹ tó pàtẹ́wọ́: kí ni ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ yóò mú wá, kí sì ni obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ yóò mú wá?